Bí A Ṣe Lè Fi Ojú Mọ Ìlànà àti Àsìkò Ilé Amẹ́ríkà Kí A Tó Kọ́ Irú Rẹ̀ sí Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ àwòrán ilé yíyà ní Abẹ́òkúta lóde òní mọ̀ pé àwọn oníbàárà kì í sábà fi ẹnu ṣàlàyé ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́. Fóònù ni wọ́n ń yọ. Ìbáà jẹ́ ọmọ wọn tó wà ní Houston ló fi àwòrán ránṣẹ́, ìbáà sì jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí i, ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé, "Irú ilé Amẹ́ríkà yìí ni mo fẹ́." Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ilé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ilé Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 1600 títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́ ilé alámọ̀, ilé onípákó, ilé bíríkì, ilé olópòó gàgàrà, ilé àwòṣífìlà àti ilé tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohun tó bí i: òtútù ni o, ooru ni o, òfin ìjọba ni o, ẹ̀rọ tuntun ni o, tàbí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń tú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ palẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, kí ó lè mọ àsìkò tí wọ́n kọ́ ilé náà àti ohun tó mú kí ó rí bó ṣe rí, kí ó tó pinnu èyí tó yẹ kí ó gbé ka orí ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìdí-Àbà tàbí ní Ọbántokò.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ẹ wá àwòrán tó fi iwájú ilé náà hàn àti èyí tó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn, nítorí pé iwájú nìkan kì í sọ òtítọ́ tán. Ẹ bi ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ léèrè ìlú tí ilé náà wà. Èyí tó wà ní Boston àti èyí tó wà ní Santa Fe kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, kódà bí wọ́n bá kọ́ wọn ní ọdún kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ sì kọ òrùlé sí apá àkọ́kọ́, ohun tó gbé ilé dúró sí ìkejì, fèrèsé àti ilẹ̀kùn sí ìkẹta, ọ̀ṣọ́ sí ìkẹrin. Bí mo ṣe tò wọ́n yìí náà ni kí ẹ ṣe máa wò wọ́n.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ọ̀ṣọ́ ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ bá, òun gan-an ló sì yẹ kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn, nítorí pé òun ló rọrùn jù lọ láti ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti kú. Òrùlé kì í lè purọ́ tó bẹ́ẹ̀, torí pé òun àti ojú ọjọ́ ni wọ́n jọ ń wọ̀yá ìjà.

Bí òrùlé bá ga tí ìgẹrẹ́ rẹ̀ sì le, tí òpó èéfín ńlá kan yọ jáde láàárín rẹ̀, tí fèrèsé kéré tí kò sì pọ̀, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí ìhà àríwá ìlà-oòrùn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ẹ ń wò, tàbí àwọn tó ń ṣe bíi tiwọn. Ilé ìdílé Fairbanks ní ìlú Dedham, ní Ìpínlẹ̀ Massachusetts, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1637 sí 1641, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, òun ni a sì kà sí ilé onígi tó pẹ́ jù lọ tó ṣì dúró ní Àríwá Amẹ́ríkà. Yìnyín ló fà á tí òrùlé fi ga bẹ́ẹ̀: bí yìnyín bá jókòó sórí òrùlé pẹrẹsẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwọ̀n rẹ̀ lè wó o. Òpó èéfín wà láàárín kí ibi ìdáná tó so mọ́ ọn lè mú yàrá tó yí i ká móoru. Fèrèsé kéré nítorí pé gíláàsì wọ́n, òtútù sì ń gba ojú rẹ̀ wọlé. Nínú gbogbo èyí, ìgẹrẹ́ òrùlé nìkan ló lè ṣe ará Abẹ́òkúta láǹfààní, nítorí pé òjò tiwa náà ní láti ṣàn kúrò lórí ilé kíákíá.

Bí òrùlé bá wá tẹ́jú, tí ògiri nípọn tí igun rẹ̀ kò sì mú, tí orí ìtí igi yọ síta lára ògiri ní ìsàlẹ̀ òrùlé, ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí à ń pè ní Pueblo àti àwọn ará Spéìn tó wá bá wọn ti ń fi amọ̀ kọ́lé. Ààfin àwọn Gómìnà ní Santa Fe ti wà láti nǹkan bí ọdún 1610. Bíríkì amọ̀ tí a sá gbẹ nínú oòrùn ni wọ́n fi mọ ọ́n, iṣẹ́ tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà sí agbo ilé àtijọ́ ní Ìtòkò tàbí Ìkìjà: ó ń gba ooru sára ní ọ̀sán, kì í sì í tú u sílẹ̀ sínú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n òjò kò pọ̀ ní Santa Fe. Ẹni tó bá kọ́ ògiri amọ̀ sí Abẹ́òkúta láìjẹ́ kí etí òrùlé yọ síta láti dáàbò bò ó, oṣù kẹfà ni yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn án.

Ìyókù wà láàárín àwọn méjèèjì yìí. Òrùlé tó ṣẹ́ lágbedeméjì, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró bí ògiri tí wọ́n sì gbé fèrèsé sínú rẹ̀, àṣà Paris ni, ó sì gba ìgboro Amẹ́ríkà kan láti nǹkan bí ọdún 1860 sí 1880. Ilé iṣẹ́ ìjọba ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ White House, tí wọ́n kọ́ láti 1871 sí 1888, irú rẹ̀ ni. Òrùlé tó lọ sílẹ̀, tí etí rẹ̀ fẹ̀, tí àwọn igi gbígbẹ́ sì tò lábẹ́ etí náà, wọ́n fi fara wé ilé Ítálì ni, láti nǹkan bí 1840 sí 1885. Bí kò bá sí igi gbígbẹ́ kankan lábẹ́ etí òrùlé tó fẹ̀ náà, tí ilé sì na gbalaja sórí ilẹ̀, ẹ lè máa fura sí ayàwòrán ilé tó ń jẹ́ Frank Lloyd Wright tàbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé Robie tó yà ní Chicago, tí wọ́n parí ní 1910, ni mo mọ̀ tó dára jù láti fi kọ́ ojú. Bí igi tó gbé òrùlé bá sì hàn síta láìbò, tí òpó ìloro fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì tín lókè, bọ́ńgálò ni, láàárín ọdún 1905 sí 1930. Ilé ìtajà Sears tilẹ̀ ń fi ìwé àkójọ ọjà ta bọ́ńgálò àti oríṣi ilé mìíràn láti 1908 sí 1940. Ẹni tó bá sanwó, rélùwéè ni yóò kó pákó, ìṣó, fèrèsé àti ọ̀dà dé ìlú rẹ̀, nígbà tó sì yá, wọ́n ń gé pákó sí ìwọ̀n kí wọ́n tó dì í, wọ́n sì ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí káfíńtà má baà ṣì í. Ilé bíi 70,000 ni wọ́n tà lọ́nà yìí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi lè rí ilé kan náà gẹ́lẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó jìnnà síra wọn.

Kí ló gbé ilé náà dúró?

Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju orúkọ ìlànà èyíkéyìí lọ. Títí di nǹkan bí ọdún 1830, ògiri tàbí òpó igi gbàǹgbà ló ń gbé ilé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ní láti dá ihò sára òpó kan, kí ó gbẹ́ ahọ́n sí ara ìkejì, kí ó kì wọ́n bọ inú ara wọn, kí ó sì fi èèkàn igi há wọn. Iṣẹ́ ọ̀gá ni, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ láti gbé férémù náà nàró. Láàárín ọdún 1830 sí 1840, ní Chicago àti agbègbè rẹ̀, ìṣó tí ẹ̀rọ ń ṣe ti di olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ ìlagi sì ti ń la igi sí tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn káfíńtà wá rí i pé bí àwọn bá to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ súnmọ́ ara wọn láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, tí àwọn sì fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀, ilé yóò dúró, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta á sì tó láti kọ́ ọ. Ìlànà yẹn, pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé gbígbé ní Amẹ́ríkà fi ń dúró títí di òní.

Ibí yìí ni kí oníbàárà wa ti fara balẹ̀. Ilé tó rí nínú àwòrán, tí bíríkì pupa bò láti òkè délẹ̀, ó ṣeé ṣe kí pákó jẹ́ egungun rẹ̀, kí bíríkì náà sì jẹ́ aṣọ tí wọ́n wọ̀ ọ́ lásán. Gbogbo igun tó yọ síbí tó tún yọ sọ́hùn-ún, gbogbo òrùlé kéékèèké tó gun orí ara wọn, káfíńtà ibẹ̀ lè fi pákó àti ìṣó gbé wọn dìde ní ọjọ́ díẹ̀. Níhìn-ín, búlọ́ọ̀kù, ọ̀pá irin àti kọ́ńkéré la óò fi ṣe é, igun kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tirẹ̀ nínú ìwé bíríkìlà. Bí iye tí ẹ gbọ́ pé wọ́n fi kọ́ ilé náà ní Texas bá yàtọ̀ pátápátá sí iye tí wọ́n pè fún yín ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe ojúkòkòrò bíríkìlà nìkan ló fà á.

Ilé àwòṣífìlà ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Iná ńlá jó Chicago ní 1871, ilẹ̀ àárín ìlú náà sì gbówó lórí gan-an nígbà tí wọ́n ń tún un kọ́, débi pé òkè nìkan ló kù tí ènìyàn lè gbà. Elisha Otis ti fi lífítì tí kì í já ṣubú bí okùn rẹ̀ tilẹ̀ já han àwọn ará New York ní 1854, nítorí náà àtẹ̀gùn kì í ṣe ìdíwọ́ mọ́. Ògiri ló kù. Ní 1885, wọ́n parí ilé Home Insurance tí William Le Baron Jenney yà, alájà mẹ́wàá, tí férémù irin ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé Monadnock, ní ìlú kan náà, ni mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò dáadáa. Apá àríwá rẹ̀, tó parí ní 1891, jẹ́ alájà mẹ́rìndínlógún, ògiri bíríkì ló sì gbé e, ìyẹn ló fà á tí ògiri náà fi nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó ga lè na gbalaja sínú ìnípọn rẹ̀. Àyè tí onílé ìbá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tí yóò gba owó lórí rẹ̀, bíríkì ló jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi apá gúúsù kún un ní 1893, férémù irin ni wọ́n lò, wọn kò sì kọ́ ògiri oníbíríkì tó nípọn bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ògiri ilé gíga ti di aṣọ, tí a lè fi òkúta ṣe, tàbí bíríkì, tàbí gíláàsì, bó bá ṣe wu olówó.

Ẹ ka gíláàsì, ẹ wo orí ilẹ̀kùn

Bí ilé kan bá ti ju àádọ́jọ ọdún lọ, fèrèsé rẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín. Gíláàsì fífẹ̀ ṣòro láti ṣe nígbà náà, ó sì wọ́n, nítorí náà kéékèèké ni wọ́n ń tò ó sínú férémù. Fèrèsé aláwẹ́ méjì tí a ń tì sókè-sódò, tí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì mẹ́sàn-án tàbí méjìlá, máa ń tọ́ka sí àsìkò tó ṣáájú òmìnira Amẹ́ríkà ní 1776. Mẹ́fà lókè àti mẹ́fà nísàlẹ̀ wọ́pọ̀ láti nǹkan bí 1780 sí 1850. Bí ó bá jẹ́ méjì-méjì, tàbí ẹyọ gíláàsì kan nínú awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé wọn tó parí ní 1865. Ẹ fi ìka fẹ àwòrán náà lójú fóònù kí ẹ sì kà á. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo orí ilẹ̀kùn. Ilé tó ní fèrèsé márùn-ún lókè níwájú, tí ilẹ̀kùn wà ní àárín gbùngbùn, tí apá ọ̀tún bá apá òsì dọ́gba bí ẹni tó fi okùn wọ̀n ọ́n, àwọn àkọ́wé ìkọ́lé fi orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ George pè é, nǹkan bí 1700 sí 1780 ni; ilé Westover ní Virginia jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀. Gíláàsì tó wà lókè ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń tò ní ìlà gbọọrọ kan. Bí gíláàsì náà bá ṣe bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí, tí ohun gbogbo lára ilé sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, orílẹ̀-èdè tuntun ló kọ́ ọ, láàárín 1780 sí nǹkan bí 1830, nígbà tí Charles Bulfinch parí ilé ìjọba Massachusetts ní Boston ní 1798. Bí gíláàsì bá tò lókè ilẹ̀kùn ní ìlà tó gún, tó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, tí òpó gàgàrà funfun dúró níwájú, àsìkò tí gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ dà bíi Gíríìsì àtijọ́ ni, láti 1825 sí 1860.

Ọ̀rọ̀ òpó yìí yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn olówó wa fẹ́ràn jù. Thomas Jefferson, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà tó yá, ló kọ́kọ́ gbé e wọ ilé ìjọba lójú pálí: tẹ́ḿpìlì Róòmù àtijọ́ kan tó wà ní Nîmes, ní ilẹ̀ Faransé, ló fi ṣe àwòkọ́ṣe ilé ìjọba Virginia láti 1785. Ohun tó ń rò ni pé orílẹ̀-èdè tí kò ní ọba gbọ́dọ̀ ní ilé tí kò jọ ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. William Strickland tẹ̀ lé e ní Philadelphia, ó fi tẹ́ḿpìlì Parthenon ti Áténì ṣe àwòṣe fún ilé báńkì kan tí wọ́n parí ní 1824, ní àkókò tí àwọn ará Gíríìsì ń bá Tọ́kì jagun òmìnira tí ọkàn àwọn ará Amẹ́ríkà sì wà lọ́dọ̀ wọn. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé ilé báńkì, kóòtù, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn olóko òwú ní gúúsù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òpó funfun wọ̀nyẹn, igi ni. Wọ́n kàn fi ọ̀dà funfun kùn ún kí ó lè jọ òkúta mábù ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi àwọn òpó tó wà níwájú ilé àwọn ènìyàn ńlá ní Abẹ́òkúta ṣe yẹ̀yẹ́ pé òfìfo ni wọ́n àti pé wọn kò gbé ohunkóhun dúró, kí ó mọ̀ pé Amẹ́ríkà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹ bá ń wo ilé Jefferson fúnra rẹ̀ ní Monticello, tàbí White House tí James Hoban yà, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1792: àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú wà lára àwọn tó wa òkúta, tó sun bíríkì, tó sì la igi wọn.

Ọ̀ṣọ́ àti ẹ̀rọ tó bí i

Ìgbà tí a bá dé ibí ni a tó lè wo ọ̀ṣọ́. Láti nǹkan bí 1840, fèrèsé tí orí rẹ̀ ṣóńṣó bíi ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé gbígbé, pákó tí wọ́n fi ayùn dárà sí sì ń rọ̀ sílẹ̀ létí òrùlé. Láti 1880 sí 1910, ọ̀ṣọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀: ilé ìṣọ́ ribiti ní igun kan ṣoṣo, fàráńdà tó yí ilé ká, òpó tí ẹ̀rọ yí, pákó kéékèèké tí wọ́n gé bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀dà oríṣi mẹ́rin márùn-ún. Apá ọ̀tún kì í jọ apá òsì rárá. Ilé William Carson ní Eureka, California, tí wọ́n parí ní 1886, ni àwọn ènìyàn máa ń yà ní fọ́tò jù. Oníṣòwò gẹdú sì ni Carson. Ẹ̀rọ ayùn àti rélùwéè ló bí gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí agbẹ́gilére ìbá fi oṣù kan gbẹ́, ẹ̀rọ ń gé e ní wákàtí díẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e kiri.

Ọ̀ṣọ́ òkúta náà ní ìgbà tirẹ̀. Ní 1893, Chicago ṣe ìpàtẹ àgbáyé kan tí Daniel Burnham darí, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ńlá inú rẹ̀ funfun báláú, wọ́n sì jọ ti àwọn ọba Róòmù. Àwọn ènìyàn padà sí ìlú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn; ilé ìkàwé ńlá New York tó ṣí ní 1911 àti ibùdókọ̀ Grand Central tó ṣí ní 1913 wà lára ohun tó jáde láti inú ìfẹ́ yẹn. Àwọn ilé ìpàtẹ náà fúnra wọn kì í ṣe òkúta, àdàpọ̀ pílásítà àti okùn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù, ìbátan P.O.P. tí à ń lò sí àjà pálọ̀ wa.

Ti New York yàtọ̀, òfin ló bí i. Ní 1916, ìjọba ìlú náà pàṣẹ pé bí ilé bá ti ń ga ni kí ó máa fà sẹ́yìn kúrò lójú títì, kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé Chrysler ti 1930, tó ga ní mítà 319, àti Empire State ti 1931, alájà 102, mítà 381, fi ń tín bí wọ́n ti ń lọ sókè. Bí ẹ bá rí ilé tó ń fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀, tí àwòrán ìtànṣán àti ìlà wíwọ́ sì wà lára irin rẹ̀, ẹ kọ ọdún 1925 sí 1940 sílẹ̀.

Ìlànà tó ti kú tó tún jí

Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti máa ń yọ̀ jù nìyí. Láti nǹkan bí 1880, àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà kọ́ ilé àwọn baba ńlá wọn, wọn kò sì tíì dẹ́kun. Ilé olójú márùn-ún tí mo fi sí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọdún 1925 tàbí ọdún tó kọjá. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé: ẹ wá ilé ọkọ̀ tó so mọ́ ara ilé, nítorí pé kò sí mọ́tò ní ọdún 1750, ẹ wò ó bóyá fèrèsé méjì so pọ̀ mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ wò ó bóyá igi tó pín gíláàsì pín in lóòótọ́, tàbí ó jẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹyọ gíláàsì kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń hàn bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí gíláàsì náà, torí pé òjìji kan ṣoṣo ni yóò gba orí gbogbo rẹ̀ kọjá láìṣẹ́. Santa Fe tilẹ̀ fi òfin dè é ní 1957 pé ilé tó bá wà ní àdúgbò àtijọ́ gbọ́dọ̀ jọ ti amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dà bí amọ̀ níbẹ̀ lónìí jẹ́ búlọ́ọ̀kù tàbí pákó tí wọ́n rẹ́.

Ilé olójú gíláàsì

Lẹ́yìn 1930, àwọn kan tó sá fún Hitler kó ìmọ̀ wọn dé láti Jámánì. Ludwig Mies van der Rohe dé Chicago ní 1938, ilé Seagram tó yà fún New York sì parí ní 1958: irin aláwọ̀ idẹ, gíláàsì, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan. Àwọn òpó irin tó ń gun òkè lọ níta ilé náà kò gbé nǹkan kan dúró o. Òfin iná ló ní kí wọ́n fi kọ́ńkéré bo irin tó ń gbé ilé gan-an, ni ọ̀gá náà bá lẹ òmíràn mọ́ ìta kí ayé lè rí irin. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ ọ̀ṣọ́ nìyẹn.

Ilé gbígbé tó yà fún dókítà Edith Farnsworth ní Illinois, tó parí ní 1951, ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ́lé gíláàsì sí Abẹ́òkúta yẹ̀ wò. Ògiri rẹ̀ gbogbo jẹ́ gíláàsì láti ilẹ̀ dé òkè. Ó mú ooru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí dókítà náà gbádùn títí ó fi ní kí wọ́n bá òun ta nẹ́ẹ̀tì sí i, òun àti ayàwòrán náà sì bá ara wọn dé kóòtù lórí owó. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ nìyẹn, kí a má tíì sọ ti tiwa, níbi tí iná mànàmáná kì í dúró tí dísẹ́ẹ̀lì sì gbówó lórí.

Ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú nínú iṣẹ́ náà

Ní New Orleans, ẹ óò rí ilé tóóró kan tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, tí yàrá sì tò sẹ́yìn ara wọn láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba inú yàrá àkọ́kọ́ kó tó dé ìkejì. Kò jọ ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ wa, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láàárín. Onímọ̀ kan, John Michael Vlach, kọ ọ́ ní 1976 pé láti Haiti ni àwọn ènìyàn dúdú ti gbé e wá, àti pé ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè kọ̀wé nípa ilé náà tí kò ní dá a lóhùn.

Robert R. Taylor jáde ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní 1892, ó lọ sí Tuskegee, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú ní Alabama, ó sì ya ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀, tó fi mọ́ ilé Booker T. Washington tó jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sun bíríkì tí wọ́n fi kọ́ wọn. Ní 2016 ni wọ́n ṣí ilé àkójọ ohun ìtàn àwọn ènìyàn dúdú ní Washington. David Adjaye, tó wà lára àwọn tó yà á, sọ pé ère òpó Yorùbá, irú èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ní Èkìtì gbẹ́, ni òun ti rí ìpele mẹ́ta tó gun orí ara wọn bí adé. Irin tó bò ó, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ dúdú ìgbà ẹrú ní gúúsù ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ gbé wá sí Abẹ́òkúta

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán, ẹ kọ́kọ́ fi ilé tiwa dánra wò. Ẹ rìn gba Aké lọ sí Ìjẹmọ̀, kí ẹ dúró níwájú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà kọ́ àṣà rẹ̀ wá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin náà. Níbi tí sìmẹ́ńtì ti já kúrò lára ògiri, ẹ óò rí amọ̀ pupa lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìlà tó hàn láàárín ìpele kan àti èkejì. Ọ̀ṣọ́ orí fèrèsé ń sọ̀rọ̀ Bràsíìlì, ògiri ń sọ Ẹ̀gbá.

Nínú àwọn ilé Amẹ́ríkà, bọ́ńgálò ọdún 1905 sí 1930 ni mo gbà pé ó bá wa mu jù: etí òrùlé rẹ̀ fẹ̀, ìloro rẹ̀ jinlẹ̀, òrùlé rẹ̀ kò ní igun púpọ̀ tí páànù yóò fi máa jò. Fàráńdà tó yí ilé ká ti 1880 náà dára, bí ẹ bá lè fi ilé ìṣọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gba òpó Gíríìsì bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òrùlé ìloro jókòó lé e kí ó ní iṣẹ́ ṣe. Parapẹ́ẹ̀tì tó gbòde báyìí, tó fi òrùlé pamọ́ kí ilé lè jọ ti olójú pẹrẹsẹ, ni kí ẹ rò dáadáa, nítorí pé kò jẹ́ kí etí òrùlé dáàbò bo ògiri, gọ́tà inú rẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gbá ewé kúrò ní gbogbo ìgbà òjò.

Bí ẹ bá ti yan èyí tó wù yín, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé olójú mẹ́rin yẹn: ohun tí ẹ fẹ́ mú lára àwòrán náà, ohun tí ẹ kò fẹ́, àti ìdí rẹ̀. Ẹ lọ sórí ilẹ̀ náà ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ìhà tí oòrùn ti ń bọ̀ àti ìhà tí ìjì òjò máa ń gbà wá, kí ẹ sì ya ọfà méjèèjì sí ìwé náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ayàwòrán kò gbọdọ̀ kọjú fèrèsé ńlá sí.